Ṣíṣa Eyín Ẹja Ekurá Àtijọ́ Létí Òkun Kent: Bí Ẹ Ó Ṣe Rí I, Bí Ẹ Ó Ṣe Dá A Mọ̀

Ẹni tó ń gbé Thamesmead, Abbey Wood tàbí Peckham ní London lè jáde nílé ní ìdájí, kó padà wálé lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú eyín ẹja ekurá tó ti wà nínú ilẹ̀ láti bíi mílíọ̀nù ọdún 56 sẹ́yìn. Ekurá ni ẹja apanijẹ inú òkun tí àwọn òyìnbó ń pè ní shark. Etí òkun Beltinge, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú Herne Bay ní àríwá Kent, ni wọ́n ti ń ṣa eyín yìí. Kò gba owó ìwọlé, kò gba òòlù, kò sì gba ìwé ẹ̀rí kankan. Ohun tó gbà ni pé kí ẹ mọ ọjọ́ àti wákàtí tó yẹ kí ẹ dé ibẹ̀, kí ẹ mọ irú ilẹ̀ tó yẹ kí ẹ kúnlẹ̀ sí, kí ẹ sì ní sùúrù. Ọ̀pọ̀ ẹni tó lọ tó padà lọ́wọ́ òfo, kì í ṣe pé ojú wọn kò ríran. Omi ló bo ibi tí eyín wà nígbà tí wọ́n dé.

Ìdí tó fi jẹ́ eyín là ń rí ni pé egungun ekurá kò le bíi ti àwọn ẹja yòókù. Ó rọ̀ bíi kerekere etí ènìyàn, ó sì máa ń jẹrà kí amọ̀ tó ráyè bò ó. Eyín ló le. Ekurá kan ṣoṣo lè pààrọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún eyín kó tó kú, torí bí ti iwájú bá ti ń já ni ti ẹ̀yìn ń sún bọ̀ wá rọ́pò rẹ̀. Ìsàlẹ̀ òkun ni gbogbo wọn ń rì sí. Òkun gbígbóná tó bo apá gúúsù England láyé ìgbà yẹn sì kún fún ekurá.

Ibi tí eyín ti ń wá gan-an

Bí ẹ bá gba ojú ọ̀nà Reculver Drive sọ̀kalẹ̀ sí etí omi, ẹ ó rí òkè amọ̀ tí koríko ti bò. Ẹ má dá òkè yẹn lóhùn. Abẹ́ ẹsẹ̀ yín níwájú ni ọrọ̀ wà, lápá ibi tí omi máa ń bò ní ọ̀pọ̀ wákàtí ojúmọ́. Níbẹ̀ ni ìpele ilẹ̀ tín-ín-rín kan ti yọjú, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Beltinge Fish Bed. Òkun ń jẹ ìpele yìí díẹ̀díẹ̀, ó ń fọ amọ̀ àti yanrìn rẹ̀ lọ, eyín tó wúwo sì ń ṣẹ́kù sáàárín òkúta wẹ́wẹ́.

Ìpele ilẹ̀ níbẹ̀ dà sí apá ìwọ̀-oòrùn. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe ń rìn lọ sí ìlà-oòrùn, sápá ilé-ìṣọ́ méjì Reculver, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ń tẹ ilẹ̀ tó dàgbà sí i. Yanrìn Thanet tó wà lọ́hùn-ún ní karawun ẹ̀dá òkun púpọ̀, ṣùgbọ́n eyín kò pọ̀ níbẹ̀ tó ti Beltinge. Olùbẹ̀rẹ̀ tó bá ń rìn gbogbo etí òkun láti ìkangun kan dé ìkangun kejì ń fi àkókò ṣòfò. Nǹkan bí igba mítà péré tó kọjú sí àtẹ̀gùn tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ ti tó fún odindi ọjọ́ kan.

Ẹ kọ́kọ́ ka omi

Ẹ wá tábìlì tó ń sọ ìgbà tí omi kún àti ìgbà tí omi fà ní Herne Bay; ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan mẹ́ta ni kí ẹ wò nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni bí omi ṣe máa fà tó. Ẹ mú ọjọ́ tí tábìlì bá kọ nǹkan bíi 0.6 mítà tàbí tó kéré sí i fún omi tó fà. Bí ó bá jẹ́ 1.3 mítà ló kọ, omi á fà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní tú ibi tó dára sílẹ̀. Ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú, tàbí lẹ́yìn tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ni omi máa ń fà jù. Ìyẹn ni pé nínú ọ̀sẹ̀ méjì méjì, ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ló dára.

Èkejì ni wákàtí. Ní àgbègbè yẹn, omi tó fà jù lọ sábà máa ń bọ́ sí àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́. Ní oṣù Kejìlá, òkùnkùn ti bo méjèèjì. Èyí ló fà á tí oṣù Kejì títí dé oṣù Kẹrin, àti oṣù Kẹsàn-án sí ìkẹwàá, fi dára ju àwọn yòókù lọ: ilẹ̀ ti mọ́ nígbà tí omi bá fà, omi oṣù Kẹta àti oṣù Kẹsàn-án sì máa ń fà ju ti ìgbà mìíràn lọ. Ti oṣù Kejì àti Kẹta tún ní àfikún oore: ìjì ìgbà òtútù á ti gbá yanrìn kúrò lórí amọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yanrìn máa ń padà wá bo gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni aago. Tábìlì mìíràn ń lo GMT, ìyẹn aago tí England ń lò nígbà òtútù, jálẹ̀ ọdún. Láti ìparí oṣù Kẹta títí dé ìparí oṣù Kẹwàá, aago ọwọ́ yín á ti fi wákàtí kan ṣáájú ìyẹn. Ẹni tí kò bá fi wákàtí yìí kún un á dé etí omi kí omi tó fà tán, á sì rò pé ibẹ̀ náà nìyẹn.

Afẹ́fẹ́ náà ní tirẹ̀ láti sọ. Afẹ́fẹ́ líle láti àríwá máa ń ti omi mọ́ ilẹ̀, kò ní jẹ́ kó fà bí tábìlì ṣe wí. Afẹ́fẹ́ láti gúúsù a máa ràn yín lọ́wọ́. Ẹ dé ibẹ̀ ní wákàtí méjì kí omi tó fà tán, kí ẹ máa tẹ̀ lé omi bó ṣe ń padà sẹ́yìn, kí ẹ sì kọjú sílé ní wákàtí kan lẹ́yìn tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Ohun tí ẹ ó kó dání

Bàtà rọ́bà gíga, nítorí amọ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, àwọn ibì kan sì rọ̀ débi tí ẹsẹ̀ á rì. Tìmùtìmù pẹlẹbẹ tí àwọn tó ń ṣọgbà fi ń kúnlẹ̀. Ìgò oníke kékeré tó ní ìdérí, pẹ̀lú òwú díẹ̀ nínú rẹ̀, torí ṣónṣó eyín tín-ín-rín máa ń ṣẹ́ bí wọ́n bá ń gbá ara wọn nínú àpò. Ọ̀rá tó ṣeé pa ẹnu rẹ̀ dé. Pẹ́ńsùlù àti ìwé: bírò kì í kọ sórí ìwé tó tutù. Awò kékeré tí ń sọ nǹkan di ńlá ní ìlọ́po mẹ́wàá. Fóònù tó ní iná. Aṣọ òtútù ju bí ẹ ṣe rò pé ẹ nílò lọ, torí ẹni tó kúnlẹ̀ kì í móoru.

Asẹ́ wúlò, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ mú méjì: èyí tí ojú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà márùn-ún lókè, èyí tó jẹ́ mìlímítà kan tàbí méjì nísàlẹ̀. Òkúta àti eyín ńlá á dúró sínú ti òkè, yanrìn á jò kọjá, eyín kéékèèké á sì ṣẹ́kù sínú ti ìsàlẹ̀. Ẹ rì í bọnú omi kí ẹ sì máa mì í; ẹ má fi ọwọ́ rọ́ ọ, nítorí ọwọ́ a máa ṣẹ́ eyín.

Ẹ fi òòlù sílẹ̀ nílé. Ohun tí òkun ti tú sílẹ̀ ni kí ẹ ṣa. Etí òkun yẹn wà lára ilẹ̀ tí òfin England ń dáàbò bò nítorí ìwúlò rẹ̀ fún ìmọ̀, gbígbẹ́ òkè rẹ̀ sì lè mú ẹ̀bi wá. Àwọn ẹyẹ etí òkun tó wá lo ìgbà òtútù níbẹ̀ sì ń jẹun ní àkókò tí omi fà kan náà. Ẹ yà fún wọn, ẹ má lé wọn fò.

Bí a ṣe ń wá a

Ẹ má rìn. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ tó ṣòro jù fún ẹni tuntun. Ojú ẹni tó dúró kò lè rí eyín tó gùn ní mìlímítà mẹ́wàá láàárín òkúta dúdú ẹgbẹ̀rún. Ẹ wá ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ tó tó èso ẹ̀wà ti kó jọ sórí amọ̀, pàápàá nínú àwọn ojú ìṣàn tí omi gbẹ́ bó ṣe ń padà, ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tó tó ìwọ̀n ẹní kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó sún. Òkun máa ń ṣa nǹkan gẹ́gẹ́ bí ìwúwo wọn: ibi tí ó kó òkúta ńlá jọ sí kò ní eyín, ibi tó jẹ́ kìkì yanrìn kò ní in. Ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ bá dọ́gba ní ìwọ̀n eyín ni kí ẹ dì mú.

Ẹ jẹ́ kí oòrùn wà níwájú yín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó má wà lẹ́yìn. Ara eyín máa ń dán, ìmọ́lẹ̀ tó bá fì lù ú á tàn padà sójú yín nígbà tí òkúta tó yí i ká á kàn wà níbẹ̀ láìdán. Ẹ máa wá ìrísí méjì: igun mẹ́ta tó dán, àti ẹsẹ̀ méjì tó yà bíi ti àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là, èyí tó jẹ́ gbòǹgbò eyín. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀kan nínú méjèèjì nìkan ló máa yọjú.

Àwọ̀ wọn sábà máa ń jẹ́ dúdú, eérú tàbí àwọ̀ ilẹ̀. Àwọ̀ kì í sọ ọjọ́ orí eyín. Èròjà inú ilẹ̀ tó sùn sí ló fún un ní àwọ̀, torí náà eyín méjì láti ẹnu ẹja kan náà lè yàtọ̀ bí wọ́n bá sùn sí ibi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn ayédèrú tó ń tan ojú jẹ kò tó nǹkan, ẹ ó sì tètè mọ̀ wọ́n. Ṣónṣó ọwọ́ akàn òde òní dúdú, ó sì mú bí eyín, àmọ́ ó fúyẹ́, inú rẹ̀ ṣófo. Àfọ́kù karawun dúdú tinrin, bí ẹ bá sì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ẹ ó rí i pé ó jẹ́ ìpele ìpele. Ìdàrọ́ àti èédú tí ọkọ̀ ojú omi ayé àtijọ́ dà nù pọ̀ níbẹ̀. Ìdàrọ́ ní ihò afẹ́fẹ́ lára, èédú sì ń fi àwọ̀ sílẹ̀ bí ẹ bá fi pa ìwé. Òkúta líle tí wọ́n ń pè ní flint lè ní igun mẹ́ta, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kan náà ni láti òkè délẹ̀. Eyín gidi ní ara méjì: orí rẹ̀ ń dán, gbòǹgbò rẹ̀ kò dán, ó sì ní ihò tín-tìn-tín.

Dídá irú eyín mọ̀

Kí ẹ tó fún eyín kankan lórúkọ, ẹ dáhùn ìbéèrè márùn-ún pẹ̀lú awò lọ́wọ́. Ojú wo ló kọ sóde ẹnu ẹja, ojú wo ló kọ sínú? Ti òde tẹ́ pẹrẹsẹ, ti inú wú síta díẹ̀, gbòǹgbò sì máa ń yọ gọngọ sápá inú. Ṣé etí eyín náà dán lọ gbọọrọ, àbí ó rí wákawàka bíi ti ayùn? Ṣé eyín kéékèèké wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín ńlá, mélòó ló sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan? Ṣé ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára ojú ti inú? Báwo ni gbòǹgbò ṣe yà sí?

Èyí tí ẹ ó rí jù lọ ní Beltinge ni Striatolamia. Ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ díẹ̀ bí ẹ bá wò ó láti ẹ̀gbẹ́, etí rẹ̀ dán, eyín kékeré kan sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àmì tó dájú ni àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó sáré láti ìsàlẹ̀ lọ sókè lójú ti inú; ẹ yí i lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ títí wọn á fi hàn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì àbọ̀ lọ.

Ibí yìí ni àwọn olùbẹ̀rẹ̀ ti ń ṣìnà. Eyín iwájú ẹnu ẹja yìí nàró, ó tẹ́ẹ́rẹ́, gbòǹgbò rẹ̀ sì yà jìnnà. Eyín ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kúrú, ó fẹ̀, ó sì fì sẹ́yìn. Ẹni tí kò mọ̀ á kọ orúkọ ẹja méjì sílẹ̀ fún ẹja kan. Kí ẹ tó sọ pé ẹ rí irú tuntun, ẹ to gbogbo eyín yín sórí tábìlì láti èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù sí èyí tó fẹ̀ jù. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ara wọn láìsí àlàfo, ó ṣeé ṣe kí ẹja kan ṣoṣo ló ni wọ́n. Bákan náà, eyín tí òkun ti yí kiri fún ìgbà pípẹ́ máa ń pàdánù ìlà ara rẹ̀ àti eyín kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Irú èyí, ẹ kọ “ekurá, a kò lè sọ irú rẹ̀” sílẹ̀. Àkọsílẹ̀ tó mọ ibi tó yẹ kó dúró níyì ju orúkọ Látìn tí a fi tipátipá so mọ́ ọn.

Otodus obliquus ni gbogbo ènìyàn ń wá. Ó nípọn, ó fẹ̀, orí rẹ̀ jẹ́ igun mẹ́ta, etí rẹ̀ dán, eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ náà jẹ́ igun mẹ́ta gbòòrò, gbòǹgbò rẹ̀ sì wúwo gan-an. Kò wọ́pọ̀. Bí ẹ bá rí àfọ́kù eyín tó nípọn ju ìka ọwọ́ ọmọdé lọ, ẹ má jù ú nù, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tirẹ̀.

Ẹja pẹlẹbẹ onírù gígùn, èyí tí wọ́n ń pè ní ray, kò ní eyín ṣónṣó. Ó ní èyí tó fi ń lọ karawun. Ti Myliobatis jẹ́ ọ̀pá pẹlẹbẹ tó dán lójú òkè, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì là bí ooyà. Ìsàlẹ̀ bí ooyà yẹn ló ń tú u fó. Ẹ̀yà ẹja mìíràn tó sún mọ́ ekurá, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Edaphodus, ní àwo eyín ńlá tí kò ní ìrísí kan pàtó. Ó dà bí egungun tó ṣẹ́, àmọ́ ibì kan wà lójú rẹ̀ tó le tó sì ní ihò wẹ́wẹ́ ju ibi tó kù lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà á sí òkúta, wọ́n sì ń fò ó kọjá. Ẹ tún wo àfọ́kù karawun ìjàpá òkun: ó tẹ́, ó dúdú, bí ẹ bá sì wo ibi tó ti ṣẹ́, inú rẹ̀ rí bí kànìnkànìn láàárín pátákó méjì.

Bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú, àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé wà. Natural History Museum ní South Kensington máa ń ran ará ìlú lọ́wọ́ láti dá ohun tí wọ́n rí mọ̀. Ẹ ya fọ́tò ojú ti òde, ti inú àti ti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ ti rí i. Fọ́tò tí kò ní rúlà kò ṣeé dá lóhùn.

Fífọ àti títọ́jú

Iyọ̀ ni ọ̀tá. Bí ẹ bá gbẹ eyín láìfọ̀, iyọ̀ inú ihò gbòǹgbò á dì, á wú, á sì fọ́ gbòǹgbò náà láti inú wá. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi ẹ̀rọ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ nù ún, kí ẹ tẹ́ ẹ sórí bébà ìnuwọ́ níbòji. Ẹ má gbé e sórí ẹ̀rọ amúlémóoru, torí gbígbẹ òjijì ń dá ìlà sí i lára. Ẹ má fi ọtí kíkan fọ eyín: ásíìdì rẹ̀ á jẹ ara tó ń dán yẹn, kò sì sí àtúnṣe. Bílíìṣì náà kò yẹ ẹ́.

Eyín ekurá kì í sábà nílò ohun tí a ń kùn. Egungun àti karawun tó ń fọ́ ló nílò rẹ̀. Ohun tí àwọn ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ń lò ni Paraloid B-72, irú ike kan tó ń yòrò di ohun ìkùn. Ẹ da gíráàmù 5 rẹ̀ sínú mìlílítà 100 acetone (omi tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò) nínú ìgò gíláàsì, kí ẹ dé e, kí ẹ máa gbọ̀n ọ́n títí á fi yòrò, èyí tó lè gba wákàtí mélòó kan. Egungun náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kí ẹ tó rì í bọ̀ ọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ funfun ni ara rẹ̀ máa dà. Acetone ń tètè gbaná, ó sì ń yọ́ ọ̀pọ̀ ike. Ẹ ṣí fèrèsé, kí iná má sí nítòsí. A fẹ́ràn Paraloid ju súpà gúlúù lọ nítorí pé acetone á tún tú u, ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn lè ṣàtúnṣe iṣẹ́ yín.

Sheppey, nígbà tí ọwọ́ yín bá ti mọ́lẹ̀

Warden Point ní erékùṣù Sheppey jẹ́ ti London Clay, amọ̀ tó kéré sí ti Beltinge lọ́jọ́ orí. Èso igi, ẹ̀ka igi, akàn, edé ńlá, ìgbín òkun àti eyín ekurá ló wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ti di pyrite, ìyẹn irin àti imí ọjọ́ tó dì pọ̀, tó ń dán bí idẹ tí amọ̀ bò. Ibi tí pyrite wúwo bá ti kó jọ sí ojú ilẹ̀ ni kí ẹ kúnlẹ̀ sí.

Àárín àwọn èso yẹn ni ti ọ̀pẹ Nypa wà. Ọ̀pẹ inú ẹrọ̀fọ̀ ilẹ̀ gbígbóná ni, ó sì wà láàyè títí dòní. Ní 1906 ni wọ́n mú un láti Singapore wá sí Calabar, ó sì ti gbilẹ̀ káàkiri etí omi Niger Delta báyìí. Ọmọ Nàìjíríà tó bá rí èso rẹ̀ nínú amọ̀ London ń wo ẹ̀rí bí ilẹ̀ tútù yìí ṣe gbóná tó nígbà kan.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ léwu. Òkè amọ̀ rẹ̀ ń ya lulẹ̀ láìkìlọ̀, amọ̀ tó ya á sì dàbí ilẹ̀ líle lójú nígbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀gbun ẹrọ̀fọ̀. Ẹ má gùn ún, ẹ má dúró lábẹ́ rẹ̀, ẹ má lọ lẹ́yìn òjò ńlá. Omi tó kún lè há yín mọ́ ìdí òkè láìsí ọ̀nà àbáyọ, torí náà ìgbà tí omi ń fà nìkan ni kí ẹ wọ ibẹ̀. Ẹ má dá nìkan lọ, kí ẹ sì sọ wákàtí tí ẹ ó padà fún ẹni tó wà nílé. Bí ẹnì kan bá rì, 999 ni kí ẹ pè, kí ẹ béèrè Coastguard.

Títọ́jú pyrite yàtọ̀ pátápátá sí ti eyín. Ẹ má rẹ ẹ́ sómi fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ fọ̀ ọ́ kíákíá, ẹ nù ún, ẹ rì í bọ acetone díẹ̀ kó lè fa omi jáde lára rẹ̀, kí ẹ gbẹ ẹ́ dáadáa, kí ẹ sì tì í mọ́ inú àpótí oníke tí atẹ́gùn kò lè wọ̀, pẹ̀lú silica gel, ìyẹn hóró wẹ́wẹ́ tó ń fa ọ̀rinrin. Bí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ bá ju ìdá ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ, pyrite á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà: ìyẹ̀fun funfun tàbí ayìnrín á hù lára rẹ̀, ó máa rùn bí imí ọjọ́, á sì tú ásíìdì tó lè jẹ ìwé àkọlé àti àpótí. Bí ẹ bá ti rí ìyẹ̀fun yìí, ẹ yọ ọ́ kúrò láàárín àwọn yòókù lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa yẹ̀ wọ́n wò lóṣooṣù, kí ẹ sì gbẹ silica gel yín nínú ààrò bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti yí padà.

Ti ẹ̀yìnkùlé àti ti ilé

Lesnes Abbey Woods ní Abbey Wood ní yanrìn tó kún fún karawun àti eyín ekurá, àwọn egungun ẹran afọ́mọlọ́mú kéékèèké tó ti jáde níbẹ̀ sì sọ ọ́ di ibi tí òfin ń dáàbò bò. Ẹ kò lè dá lọ gbẹ́lẹ̀ níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsù Bexley nípa ọjọ́ tí wọ́n bá ṣètò fún ará ìlú. Fún ọmọdé, ó sàn ju etí òkun lọ: kò sí omi tó ń bọ̀, asẹ́ àti yanrìn gbígbẹ nìkan ló gbà.

Nílé, òkúta ẹfun Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn ti inú òkun sáà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Paleocene wá, sáà kan náà pẹ̀lú yanrìn Thanet tó wà lápá Reculver. Ìgbín òkun, karawun àti akàn wà nínú rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún sìmẹ́ńtì ni, àdó olóró àti kátàpílà sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Láìgba àṣẹ, ẹ má wọ̀ ọ́. Ní Togo, ibi ìwakùsà fọ́sífétì Kpogamé ní eyín ekurá, ibẹ̀ náà sì ni àbùùbùtán àtijọ́ tí wọ́n fún lórúkọ Togocetus ní 2014 ti jáde. Ẹni tó bá ń lọ sílé tó fẹ́ mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá ẹnubodè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè òfin orílẹ̀-èdè náà.

Àkọlé

Eyín tí kò ní àkọlé, ẹ̀ṣọ́ lásán ni. Onímọ̀ kankan kò lè lò ó, bó ti wù kó tóbi tó. Létí òkun gan-an, kí ẹ tó dìde, ẹ kọ ọjọ́, ibi tí GPS fóònù fi hàn, irú ilẹ̀ tí ẹ ti rí i àti orúkọ ẹni tó rí i, kí ẹ sì ju ìwé náà sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú eyín. Ẹ má sọ pé ẹ ó rántí. Eyín Beltinge àti ti Sheppey tó bá dà pọ̀ nínú àwo kan kò ní ṣeé yà sọ́tọ̀ mọ́.

Nílé, ẹ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, bíi BEL-001, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ńlá àti sínú kọ̀ǹpútà. Fún eyín tó bá tóbi, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ kun Paraloid díẹ̀ sójú gbòǹgbò rẹ̀ níbi tí kò ní bo àmì ìdámọ̀, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kọ nọ́ńbà náà sórí rẹ̀ pẹ̀lú yíǹkì dúdú, kí ẹ sì tún kun Paraloid lé e. Èyí tó bá kéré, inú ìgò tirẹ̀ ni kí nọ́ńbà náà wà, lórí ìwé tí a fi pẹ́ńsùlù kọ.